Bí Wọ́n Ṣe Ra Dùùrù Ẹnu Nílé Káfíńtà

Ilé wa ní Ìkòròdú kì í dákẹ́, bóyá ìdí nìyẹn tí èmi fi ń dákẹ́. Bí bàbá mi bá ti ti ìrun àárọ̀ dé, ayùn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, á máa bọ̀, lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé, nítorí káfíńtà ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé igi tí a bá là láàárọ̀ a máa tọ́ ju èyí tí a là lọ́sàn-án lọ. Lẹ́yìnkùlé, Ìyá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí bàbá mi, á ti koná sábẹ́ ààrò, wọ́n á máa to ẹja tí wọ́n kó dé láti Ìjẹ̀dẹ sórí wáyà, wọ́n á sì máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ilé kéú wí: "Ìwọ, sún. Ìwọ, kọjú sọ́hùn-ún." Láàárín àwọn méjèèjì ni Bùọ̀dá Kàmọ́rù, àbúrò bàbá mi, ti máa ń rìn pẹ̀lú pákò lẹ́nu, tí wọ́n á máa sọ bí ó ṣe yẹ kí a la igi àti bí ó ṣe yẹ kí a yan ẹja. Iṣẹ́ tiwọn gan-an kò yé mi títí di òní, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò yé wọn. Ìyá mi a máa lọ ata. Èmi a máa pọnmi láti inú kànga, n óò fọ abọ́, bí apá kan ẹja bá sì ti gbẹ, n óò yí i padà, gbogbo rẹ̀ láìfọhùn.

Òwe méjì ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi tọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí àgbà wà, wọ́n á ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Bí wọ́n bá sì fún mi ní ìrù ẹja, tí mo gbà á láìsọ pé orí ni mo fẹ́, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Mo gbìyànjú láti fi méjèèjì sílò pa pọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ pé àwọn àgbà kì í retí kí ènìyàn lo gbogbo òwe wọn lọ́jọ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn jù, òun ni mo dì mú.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, olùkọ́ tuntun kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí ọrùn bí ẹni tí kọ́là rẹ̀ fún. Orin ló ń kọ́ wa, nítorí náà Tíṣà Olórin là ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan yóò pàdé ní Ẹ̀pẹ́ lópin ọdún, tiwa yóò sì kọ orin kan níbẹ̀. Tíṣà Olórin ní kò sí ọmọ kíláàsì wa tí kò ní í rí nǹkan ṣe: ẹni tí kò bá lu nǹkan tàbí kí ó fọn nǹkan, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi kọrin. Àwọn tí yóò sì fi ẹnu kọrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò dìde wá síwájú kí ó lè gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀rọ̀ "ọ̀kọ̀ọ̀kan" yẹn ni kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ wa láàárọ̀, èmi a máa nawọ́ ni, n kì í dáhùn. Báwo ni n óò ṣe dá orin kọ níwájú ogójì ọmọ? Ìlù ti kún. Fèrè ti kún. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ti dùùrù ẹnu, kì í sì í ṣe dùùrù ẹnu yẹpẹrẹ tí àwọn ọmọdé ń fọn káàkiri àdúgbò lọ́jọ́ Iléyá. Èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì náà, ohùn á gòkè díẹ̀, á bọ́ sí àárín ohùn méjì tí dùùrù yẹpẹrẹ máa ń fò kọjá. Orin wa ní irú ohùn àárín bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ kò ní dùùrù náà. Ọmọ tó bá mú un wá kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, tó sì lè fọn orin náà já, ni yóò gba àyè ọ̀hún, kò sì ní í dá orin kọ. Mo nawọ́. N kò fẹ́ràn orin ju bí mo ṣe fẹ́ràn ìṣirò lọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí dùùrù bá wà lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kó la ẹnu náà fún nǹkan mìíràn.

Tíṣà Olórin kọ ohun tí a óò rà sínú ìwé pélébé kan kí n fún bàbá mi. Mo kà á lójú ọ̀nà, mo sì tún lè kà á lórí títí di ìsinsìnyí. Ó ní kí wọ́n má ra èyí tó tóbi, tó ní ihò mẹ́rìndínlógún: owó rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò sì nílò rẹ̀. Ihò méjìlá tó. Ó ní bí wọ́n bá rí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà àti èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ igi, kí wọ́n mú rọ́bà, torí omi ẹnu a máa mú igi wú. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì wò bóyá ó ń ta padà fúnra rẹ̀. Èyí tó fa ìlà sí nídìí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n fọn ihò kọ̀ọ̀kan wò, kí n sì fa èémí sínú níbẹ̀ pẹ̀lú, jẹ́jẹ́. Èyí tó bá dá èémí jẹ́jẹ́ lóhùn ni kí wọ́n rà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ họ.

Ìkòkòrè la jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹja sì pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí ara tu àwọn àgbà ilé wa. Bàbá mi gba ìwé náà, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi í sí àpò àyà níbi tí pẹ́ńsù wọn máa ń wà. N kò rí i kí wọ́n ṣí i.

"Dùùrù ẹnu," wọ́n ní. "Ṣé Rísí ló béèrè fún un?"

"Òun ni," ìyá mi dáhùn. "Ìwé ló fi béèrè."

"Tó bá jẹ́ ẹnu ló fi béèrè ni ì bá yà mí lẹ́nu," Bùọ̀dá Kàmọ́rù ní. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bùọ̀dá. Mo mọ dùùrù ẹnu bí ẹní mowó."

"Ìgbà wo lo fọn ọ́n rí?"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní mo fọn ọ́n."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ yọ egungun ẹja kúrò lẹ́nu. "Ẹ rà á fún un. Bóyá atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ jáde á ti ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde pẹ̀lú."

Ní Sátidé, bàbá mi, Bùọ̀dá Kàmọ́rù àti èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rù, ẹni tó ń ta ohunkóhun tí àwọn ará òkè òkun bá ti lò sú: aago, fáànù, bàtà, bèbí tí kò lápá. Dùùrù ẹnu olóbọ́tìnnì mẹ́ta ló ní. Èkíní ni èyí ńlá oníhò mẹ́rìndínlógún. Ìyá Ẹlẹ́rù sọ iye rẹ̀, bàbá mi sì gbé e padà sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ó ku méjì, oníhò méjìlá méjèèjì. Ọ̀kan ti họ lára, rọ́bà ló wà nínú rẹ̀, òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Èkejì ń dán, igi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Bàbá mi fi èékánná kan èyí tó họ. "Rọ́bà," wọ́n ní, ní ohùn tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ máa ń fi sọ pé ẹja ti rà. Wọ́n gbé èkejì sún mọ́ imú, wọ́n fi àtàǹpàkò ra igi rẹ̀, wọ́n wo ìlà ara rẹ̀ lójú oòrùn. "Èyí, igi ni. Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́." Bùọ̀dá Kàmọ́rù gbé méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì bí ẹni ń yan iṣu, wọ́n ní onígi ló wúwo jù, èyí tó bá sì wúwo ló lóhùn nínú.

"Ṣé ọmọ lè fọn wọ́n wò, Ìyá wa?" bàbá mi béèrè. Wọn kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n èèyàn tó ní làákàyè ni wọ́n.

"Ẹnu tó bá kàn án ti rà á nìyẹn," Ìyá Ẹlẹ́rù ní. "Ṣé ẹ máa ń bu búrẹ́dì jẹ, kí ẹ tún dá a padà pé kò dùn?"

Bàbá mi ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà bá ojú ọjà mu, wọn kò sì fẹ́ kí obìnrin náà rò pé àwọn kò ní ẹ̀kọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà wà lórí mi nígbà yẹn, ìwé náà fúnra rẹ̀ sì wà nínú àpò àyà wọn. Mo la ẹnu. Mo rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀ràn máa ń bá. Mo pa á dé. Bàbá mi bojú wò mí, wọ́n na onígi sí mi, wọ́n ní, "Rísí, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n san owó tó ju ti rọ́bà lọ fún èyí tí rọ́bà sàn jù.

Ní báyìí tí irun mi ti ń funfun, àwọn ọmọ àdúgbò tó bá fẹ́ kọ́ dùùrù ẹnu a máa gbé fóònù wá bá mi, kí n bá wọn yan nínú àwọn tó wà lójú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn ń dán. Ohun tí Tíṣà Olórin kọ náà ni mo máa ń sọ fún wọn, n kò fi nǹkan kan kún un àfi ẹyọ kan: pé dùùrù tí kò wọ́n kò burú, èyí tí ń jo atẹ́gùn ló burú. Ẹni tó bá fi dùùrù tó ń jò bẹ̀rẹ̀ yóò rò pé àyà òun ni kò dára. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wù wọ́n. N kì í bínú. Mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹlẹ́rù rí.

A gbé dùùrù dé ilé, a sì fi han gbogbo ilé gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi nǹkan tuntun hàn. Ìyá mi ní, "Ẹ̀mí á lò ó." Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, "Àmín," wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọn kò sì dá a padà. Òfin wọn ni pé ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá ti lò, pàápàá ohun tó ń wọ ẹnu, kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ ilé wa kí ó tó rí omi gbígbóná àti iyọ̀. "A ò mọ ẹnu tó ti wọ̀ lókè òkun," wọ́n ní. Bàbá mi ti gba mọ́ṣáláṣí lọ, wọn nìkan sì ni àgbà ilé wa tó mọ ohun tí omi máa ń fi igi ṣe. Bùọ̀dá Kàmọ́rù wà nílé, wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a jẹ́ kó rẹ dáadáa. Nígbà tó rẹ tán, Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbọn ọ́n, wọ́n wo ojú ọ̀run, oòrùn ti rẹlẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí wáyà ààrò, láàárín ọ̀bọ̀kún méjì, kí ó lè gbẹ. Mo dúró tì í. Nígbà tí apá kan gbẹ, èmi ni mo yí i padà. Iṣẹ́ mi ni.

Bàbá mi dé, wọ́n gbé e, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kò wọlé. Igi tó wà láàárín àwọn ihò ti wú yọ síta bí eyín àgbà.

"Ta ló fi omi sí igi?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni," Ìyá Ẹ̀pẹ́ dáhùn. "Àbí bó ṣe wà yẹn lo fẹ́ kó fi í sẹ́nu?"

Èèyàn kì í bá ìyá rẹ̀ wí. Bàbá mi yíjú sí àbúrò wọn. "Ìwọ náà wà níbẹ̀, Kàmọ́rù."

"Mo wà níbẹ̀, Bùọ̀dá. Èmi ni mo ní kí wọ́n dín iná kù, ì bá ti jóná."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò pé. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi pa iṣẹ́ ibùsùn ẹnì kan tì, wọ́n tú síkúrù dùùrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọ́n fi sáńpépà tó kúnná jù lọ ha igi náà, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń gbé e sókè wò. N kò rí i kí wọ́n fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àga kankan rí. Nínú rẹ̀, wọ́n rí àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, lẹ́bàá àwọn irin kéékèèké tó ń dún. Ooru ààrò ti ká gbogbo wọn kò. "Ìdọ̀tí rèé," bàbá mi ní, wọ́n sì fi ẹnu ọ̀bẹ yọ wọ́n kúrò, gbogbo wọn, láìku ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn ìdọ̀tí yẹn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn sá gba ibi tí kò yẹ. Wọ́n tò ó padà. Bọ́tìnnì ń wọlé, ó ń ta jáde bí tuntun. Ihò òkè dún, ohùn wọn mọ́, pẹ̀lú òórùn ọ̀bọ̀kún. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́rin ìsàlẹ̀ a gba gbogbo èémí tó wà láyà mi, wọ́n á sì dá "fùùù" padà fún mi, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

"Ó ń dún?" Ìyá Ẹ̀pẹ́ bi mí nígbà tí mò ń fi í dánra wò lẹ́bàá kànga.

"Ó ń dún lókè, mà."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Mo fọn ọ́n fún wọn. Wọ́n tẹ́tí. "Ó máa là," wọ́n ní. "Omi ló ṣì kù nínú ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Tíṣà Olórin gba dùùrù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé imú kúrò, ó wò mí. "Ṣé wọ́n ka ìwé mi nílé?" Mo wolẹ̀. "Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀. Tí o bá kọ́sẹ̀, o ṣì lè dá a kọ lẹ́nu bíi ti àwọn yòókù." Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Mo bẹ̀rẹ̀. Orin náà gba òkè wá, ibi tí dùùrù mi ti mọ́ lóhùn, mo sì tẹ bọ́tìnnì níbi tó yẹ. Ní òpin ìlà kẹta, ó sọ̀kalẹ̀ sí ihò ìsàlẹ̀. Fùùù. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Fùùù. Ẹ̀rín wọn kò tilẹ̀ parí kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ mi gbé dùùrù kúrò lẹ́nu, ohùn mi kọ ohùn mẹ́rin tó kù, mo sì gbé dùùrù padà, mo ń bá a lọ. N kò lè sọ pé mo pinnu rẹ̀. Ó jọ ìṣirò lójú mi: ohùn mẹ́rin ló dín nínú orin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi í kún un.

Tíṣà Olórin yí ọrùn. "Tún ibẹ̀ ṣe." Mo tún un ṣe. "Gbé dùùrù yẹn sílẹ̀. Kọ ọ́ látòkè délẹ̀." Ẹni tó ti kọ mẹ́rin lójú gbogbo ayé kò lè sọ mọ́ pé òun kò lè kọ ìyókù. Mo kọ ọ́. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, kò kọ ọ́ sábẹ́ àwọn tó ń fọn nǹkan. "Ìwọ ni o máa dá orin náà," ó ní. "Àwọn yòókù á máa gbè é." Dùùrù tí mo ní kí wọ́n rà nítorí kí n má baà dá orin kọ níwájú ogójì ọmọ ló wá fi mí síwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀pẹ́.

Nílé, bàbá mi béèrè bóyá wọ́n mú mi. Mo mi orí. Òótọ́ ni, wọ́n mú mi. Kò sẹ́ni tó béèrè fún kí ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé dùùrù náà lọ sílé ẹ̀kọ́ nínú báàgì mi, tí mo sì ń gbé e bọ̀. Ojoojúmọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ń le sí i láti sọ. Bàbá mi ti sọ ọ́ fún oníbàárà wọn gbogbo pé àwọn tún dùùrù ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bùọ̀dá Kàmọ́rù ti sọ fún gbogbo àdúgbò ẹni tó yàn án. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, gbogbo ilé wọ mọ́tò gba ọ̀nà Imọ̀ta lọ sí Ẹ̀pẹ́, Ìyá Ẹ̀pẹ́ nínú aṣọ àlàárì wọn, torí wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ bí ọmọ ọmọ àwọn ṣe ń fọn dùùrù. Mo jókòó tì bàbá mi. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo la ẹnu. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ní, "Má bẹ̀rù. Ó máa dún."

Bàbá mi jókòó sí ìlà kejì, wọ́n gbé etí ọ̀tún síwájú. Mo jáde wá, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo. Mo rí i tí wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún mi, tí wọ́n wo ti òsì, tí wọ́n wá wo àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹlòmíràn ni mo gbé e fún. Mo gbé ojú kúrò lára wọn, mo dá orin náà. Àwọn yòókù gbè é. Kò pẹ́ tó bí mo ṣe bẹ̀rù pé yóò pẹ́.

Nígbà tí a jáde, Bùọ̀dá Kàmọ́rù ti dúró láàárín àwọn ẹbí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni Bùọ̀dá Kàmọ́rù wà nígbà tí a ń kọrin, lẹ́yìn ọkùnrin gíga kan, wọn kò rí iwájú. "Èmi ni mo yàn án," wọ́n ń sọ fún wọn. "Ẹ ò gbọ́ bí ó ṣe ń dún bí ohùn èèyàn?"

"Ohùn èèyàn ni," ìyá mi ní.

Bàbá mi mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Níbo ni dùùrù wà, Rísí?"

"Ó wà nínú báàgì mi, sà." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé Tíṣà Olórin, láti orí ihò méjìlá dé orí rọ́bà. Mo sọ pé mo ti ń yí i padà lórí ààrò nígbà tí mo mọ̀ pé ó ń wú. Mo sọ ti ihò mẹ́rin, ti ẹ̀rín, ti orúkọ mi tí wọ́n kọ síbi tí n kò fẹ́. N kò tíì bá àgbà sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti sún mọ́ wa, wọn kò pa òwe kankan. Bàbá mi gbọ́ ọ títí ó fi tán lẹ́nu mi.

"O ti mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé rọ́bà ló dáa."

"Mo mọ̀, sà."

"Mo sì bi ọ́ bóyá ó tẹ́ ọ lọ́rùn."

"Ẹ bi mí, sà. Mo mi orí."

N kò mọ̀ bóyá owó wọn ni wọ́n ń rò ni, tàbí orin náà. "Láti òní lọ," wọ́n ní, "tí mo bá bi ọ́ ní nǹkan, má mi orí fún mi mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo dá a dúró. "Mo gbọ́, sà," mo ní.